ÌTỌ́JÚ ILÉ FÚN ONÍLÉ TUNTUN TÍ OWÓ KÒ PỌ̀ LỌ́WỌ́ RẸ̀

Ní ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, láti Ìkìrun dé Ìníṣà àti Òkukù, irú ilé mẹ́ta ni ó sábà máa ń sọ ènìyàn di onílé. Èkíní ni ilé amọ̀ tí bàbá tàbí bàbá-ńlá kọ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí wọ́n sì fi páànù bò, èyí tí ó kan olúwarẹ̀ nígbà tí àwọn ẹbí ń pín ogún. Èkejì ni ilé bùlọ́ọ̀kù tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò ká a, tí ó sì tà á bí ó ti wà. Ẹ̀kẹta ni ilé tí onílé fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì kó wọ inú rẹ̀ kí fèrèsé tó pé, nítorí pé owó ilé tí ó ń san fún ẹlòmíràn ti sú u. Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ sí ara wọn, ṣùgbọ́n ipò kan náà ni wọ́n ń bá onílé wọn: ní ọjọ́ tí ó gba kọ́kọ́rọ́, àpò rẹ̀ ti gbẹ.

Nítorí náà ni ó fi ṣe pàtàkì kí ó mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba owó tí ó kù sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré ra ọ̀dà, wọn a kun ojú ilé, kí àwọn tí ń kọjá lọ lè mọ̀ pé ilé náà ti ní ẹni tí ó ni ín. Bí oṣù Kẹfà bá dé, òjò a bó ọ̀dà náà láti ìsàlẹ̀, páànù a jò sí orí ibùsùn, ẹ̀fọn a kún yàrá, àwọn ọmọ inú ilé a sì bẹ̀rẹ̀ ibà. Owó ọ̀dà ti lọ, owó ilé ìwòsàn sì ti dé. Àwọn iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣíwájú kì í hàn sí ojú òde rárá: àwọn ni dídarí omi, dídí ibi tí ó ń jò, àti dídí ọ̀nà ẹ̀fọn. Púpọ̀ nínú wọn kò gbà ju ọkọ́, òòlù, garawa àti ọjọ́ Sátidé mélòó kan lọ.

Àwọn ará ìgbàanì mọ ọ̀ràn omi yìí dájú. Ní ìgbà tí koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń bo ilé, wọn a jẹ́ kí òrùlé yọ síwájú ògiri lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀pó ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì gbé e dúró, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ fi ń bọ́ sí ibi tí ó jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà kí ọdún 1910 tó dé. Ó mú kí ó rọrùn láti kó páànù àti sìmẹ́ńtì wá, owó kòkó sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà wọ́n. Páànù kì í jóná bí koríko, kò sì fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún; ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó wọ́n, àwọn kan gé e kúrú, tó bẹ́ẹ̀ tí òrùlé kò yọ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ mọ́. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ ti ń jẹ ìyà owó tí wọ́n ṣọ́ ná ní òkè.

Kí onílé tuntun tó ra ohunkóhun, kí ó dúró de òjò ńlá kan, kí ó mú agboòrùn, kí ó sì yí ilé náà po nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Kí ó wo ibi tí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí àti bí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti ń ta sí ara ògiri tó. Kí ó wo ibi tí omi dúró sí tí kò lọ. Kí ó sì wo ibi tí àgbàrá ti ń wọlé láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò tàbí láti orí òkè, nítorí pé ilé tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè, bí irú èyí tí ó wà ní Ìkìrun, a máa gba omi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí yóò rí ní ìdajì wákàtí yẹn sàn ju ìmọ̀ràn ènìyàn mẹ́wàá lọ. Kí ó kan èèkàn kéékèèké mọ́ àwọn ibẹ̀ kí ó má bàa gbàgbé wọn nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ọkọ́ ni. Kí ó fi ilẹ̀ pupa kún ẹ̀bá ògiri kí ó sì kì í dáadáa, kí ilẹ̀ náà lè máa dagun lọ kúrò lọ́dọ̀ ilé. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní gbogbo mítà kan, títí dé mítà méjì, ó tó. Ẹni tí kò ní irin ìwọ̀n àwọn bíríkìlà lè lo rọ́bà gígùn tí ojú ń rí inú rẹ̀: kí ó bu omi sí i, kí ó gbé ẹnu méjèèjì sókè, níbikíbi tí ó bá sì gbé wọn sí, ojú omi méjèèjì yóò dúró ní ọgbọọgba. Láti ojú omi náà ni yóò ti máa wọn ìsàlẹ̀. Ní abẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ gan-an, kí ó gbẹ́ ipa tóóró tí ìbú rẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà tí jíjìn rẹ̀ sì tó 20, kí ó da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àfọ́kù bùlọ́ọ̀kù sí i. Òkúta náà ni yóò gba ìlù omi, ẹrẹ̀ kò sì ní ta sí ògiri mọ́. Kí ó darí ẹnu ipa náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí sí gọ́tà ojú títì, kì í ṣe sí àgbàlá aládùúgbò; ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni àgbàrá dá sílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn onílé amọ̀ máa ń ṣe tí kò dára. Bí wọ́n bá nílò amọ̀ fún àtúnṣe, ẹ̀yìn ilé náà ni wọ́n ti ń wà á, kòtò náà a sì di adágún omi ní oṣù Keje. Ẹ̀fọn a pa ẹyin sí i, ọmọdé a lè bọ́ sí i, bí ó bá sì súnmọ́ ògiri, ìpìlẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kí onílé tuntun dí irú kòtò bẹ́ẹ̀ kí ó tó ṣe ohun mìíràn, kí ó sì lọ wa amọ̀ ní ibi tí ó jìnnà.

Àwọn àgbà sọ pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kì í ráyè wọ ibẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n alángbá ni ó kéré jù nínú àwọn tí ń bá ẹnu ògiri wọlé. Omi ni ọ̀gá wọn. Ẹni tí ó bá rí ojú lílà lára ògiri gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ti dúró tàbí ó ṣì ń gbòòrò. Kí ó lẹ bẹ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí ojú lílà náà lókè àti nísàlẹ̀, kí ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tí yóò kan òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Bí bẹ́bà náà kò bá ya, ojú lílà àtijọ́ ni, onílé lè dí i fúnra rẹ̀. Bí ó bá ya, tàbí bí ìka ọwọ́ bá lè wọ inú ojú lílà náà, tàbí bí ògiri bá ti ń tẹ̀ síta tí ilẹ̀kùn kò sì ṣeé tì mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, iṣẹ́ ọmọlé kọ́ nìyẹn mọ́. Kí àwọn tí ń sùn ní yàrá náà kó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé dunjú. Owó tí yóò gbà kò tó iye ẹ̀mí kan.

Nípa rírẹ́ ògiri amọ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yé onílé dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Amọ̀ a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi èyí tí ó le bo èyí tí ń mí, àwọn méjèèjì a ya ara wọn. Omi tí ó bá gba ojú lílà kékeré wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì kò ní rí ọ̀nà jáde, amọ̀ a rọ̀ nínú òkùnkùn níbẹ̀, títí di ọjọ́ tí odindi ìpele kan yóò wó lulẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ìka kan sìmẹ́ńtì ara ògiri bẹ́ẹ̀ tí ó ń dún bí àgbá òfìfo, ó ti kúrò lára amọ̀ nìyẹn. Kí onílé má ṣe fi sìmẹ́ńtì tuntun lé e lórí. Kí ó ṣí èyí tí ó dún náà kúrò, kí ó jẹ́ kí amọ̀ inú rẹ̀ gbẹ, kí ó sì fi amọ̀ dí i.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ tàbí àdá kékeré gbẹ́ ojú lílà náà fẹ̀ díẹ̀ títí wọn yóò fi kan amọ̀ tí ó le. Kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì wọ́n omi sí i kí ó lè tutù. Amọ̀ tútù kì í lẹ̀ mọ́ amọ̀ gbígbẹ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ilẹ̀ irú èyí tí wọ́n fi kọ́ ògiri náà dí i ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan gbẹ díẹ̀ kí òmíràn tó lé e. Láti mọ irú ilẹ̀ tí ó dára, kí onílé bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ mélòó kan sí inú ìgò tí ojú ń rí inú rẹ̀, kí ó bu omi kún un, kí ó mì í gidigidi, kí ó sì gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn yóò wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ kíkúnná yóò wà láàrin, amọ̀ yóò sì wà lókè. Bí amọ̀ bá pọ̀ ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta lọ, ilẹ̀ náà yóò là bí ó bá gbẹ. Kí ó fi yanrìn tàbí koríko gígé kún un. Bí yanrìn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, òjò yóò wẹ̀ ẹ́ lọ.

Fún rírẹ́ ojú ògiri amọ̀, ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n pò mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n sẹ́ àti yanrìn ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì pẹ́ lẹ́yìn tí ó bá gbẹ. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, omi tí wọ́n fi èèpo èso igi igbá sè títí ó fi pọ́n ni wọ́n ń fi kun ilẹ̀ àti ògiri kí omi má bàa tètè wọ̀ wọ́n. Èèpo náà ni àwọn obìnrin tí ń ṣe irú ń dà nù, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ojú bá ń tì láti lo irú nǹkan wọ̀nyí lè máa rántí pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ni sìmẹ́ńtì ilé rẹ̀ ti wó.

Òrùlé ni ó kàn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n tún un ṣe, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó dé ní oṣù Kẹta. Ní ọ̀sán gangan, kí onílé ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ó dúró sínú òkùnkùn kí ó sì gbójú sókè: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń tàn bí ìràwọ̀, ibẹ̀ ni ó ń jò. Kí ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti ibẹ̀ kí ẹni tí ó wà lórí òrùlé lè rí i. Ìdí jíjò tí ó pọ̀ jù ni ìṣó tí wọ́n kàn sí ibi kòtò páànù, níbi tí omi ń gbà, dípò orí rẹ̀ tí ó ga. Kí wọ́n yọ irú ìṣó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tí a rì sínú ọ̀dà dúdú dí ojú ihò náà, kí wọ́n sì kan ìṣó tuntun tí ó ní rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀ sí ibi gíga. Ẹni tí ó bá gùn ún kò gbọdọ̀ tẹ ibi tí kò sí igi lábẹ́ rẹ̀. Ìlà ìṣó ni yóò fi mọ ibi tí igi wà. Kí ó má sì ṣe gun òun nìkan, kí ẹnìkan di àkàbà mú nísàlẹ̀.

Ìjì tí ń ṣí òrùlé, etí òrùlé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Wáyà líle tí wọ́n fi so igi òrùlé mọ́ igi tí ó wà lórí ògiri, ní orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ní gbogbo ibi tí igi méjèèjì bá ti pàdé, kò gbà ju ọ̀sán kan lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ti páànù mélòó kan.

Páànù kan náà tí ń dààmú onílé lè fún un ní omi. Ní àgbègbè Òṣogbo òjò tí ń rọ̀ lọ́dún a máa tó mìlímítà 1,200 sí 1,400. Mìlímítà òjò kan lórí mítà òrùlé kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Nítorí náà, bí òrùlé bá jẹ́ 60 irú mítà bẹ́ẹ̀, tí òjò ọjọ́ kan sì jẹ́ mìlímítà 20, omi tí ó bọ́ sórí rẹ̀ jẹ́ 1,200 lítà. Bí ìdá márùn-ún rẹ̀ kan bá tilẹ̀ ṣòfò, 960 lítà ni yóò kù, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí ó lé ní 38. Kí ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ rò ó wò, iye ìgbà tí wọn ì bá rìn lọ sí ìdí kànga! Ilé tí ẹ̀rọ omi láti odò Ọ̀tìn tí wọ́n dí ní Èkó-Eǹdé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ kí irú omi yìí máa ṣàn lọ ba ẹsẹ̀ ògiri jẹ́.

Kò di dandan kí ó ra gọ́tà olówó ńlá. Páànù tí wọ́n tẹ̀ ní gígùn, tàbí páìpù rọ́bà tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n fi wáyà so mọ́ etí òrùlé kí ó sì dagun díẹ̀ sí ọ̀nà àgbá, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́ kò ṣeé mu, nítorí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ tí ó fọ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣàn lọ. Ní gbogbo òjò mìíràn pẹ̀lú, kí ìṣẹ́jú mélòó kan kọjá kí wọ́n tó yí ẹnu gọ́tà sí àgbá. Kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tàbí nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu àgbá kí wọ́n sì dì í pinpin, kí ẹ̀fọn má bàa pa ẹyin sí i, kí wọ́n sì se èyí tí wọn yóò mu.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn tó láti dúró lé lórí. Ní 1897 ni Ronald Ross, dókítà ọmọ ogun ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, láti ìgbà náà ni ayé sì ti mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn ni ó ń fa ibà. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri, òru ni ó ń jẹun, inú yàrá ni ó sì ti sábà ń bá ènìyàn. Ọ̀pọ̀ onílé mọ̀ pé ó ń gba fèrèsé wọlé. Ohun tí wọn kò fiyè sí ni àlàfo tí ó wà láàrin orí ògiri àti páànù. Ẹnu ọ̀nà ńlá ni ibẹ̀ jẹ́ fún un. Ní ẹkùn Farafenni ní ilẹ̀ Gáḿbíà, àwọn olùwádìí dí fèrèsé, ilẹ̀kùn àti àlàfo òkè ní àwọn ilé kan, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ṣe àjà fún àwọn mìíràn, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2009, ẹ̀fọn inú àwọn ilé tí wọ́n tọ́jú náà kò ju bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Nínú àwọn ọmọdé ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, 30 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn. Ní ilé tí wọ́n dí pátápátá, 19 ni.

Iṣẹ́ yìí kò ju agbára ẹni tí ó lè fi ayùn gé igi lọ. Kí ó ra nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà kan àtààbọ̀ lọ. Kí ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe férémù tí yóò wọ ojú fèrèsé rẹ́gí, kí ó na nẹ́ẹ̀tì náà lé e, kí ó fi ìṣó kéékèèké kàn án, kí ó sì fi igi pẹlẹbẹ bo etí rẹ̀. Èyí tí ó ṣeé yọ sàn ju èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lọ, nítorí fífọ̀. Àlàfo òkè ni kí ó fi amọ̀ tí ó ní koríko nínú dí, àyàfi ti ilé ìdáná, níbi tí èéfín gbọ́dọ̀ ti rí ọ̀nà jáde. Bí owó kò bá tó fún gbogbo ilé, yàrá tí àwọn ọmọdé àti aboyún ń sùn ni kí ó bẹ̀rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì orí ibùsùn kò sì gbọdọ̀ tìtorí èyí kúrò.

Bí onílé bá fẹ́ fi sìmẹ́ńtì ṣe ilẹ̀ yàrá tàbí kí ó rẹ́ ògiri bùlọ́ọ̀kù, kí ó ṣọ́ra fún ìgbà ọyẹ́. Ó dàbí ìgbà tí ó rọrùn, nítorí kò sí òjò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa fa omi inú sìmẹ́ńtì kí ó tó le, iṣẹ́ náà a sì là bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Kí ó ṣe é ní àárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ó fi àpò tútù bò ó, kí ó sì máa bu omi wọ́n ọn fún ọjọ́ méje. Garawa sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́rin ni fún ilẹ̀ tí omi ń kàn. Kan sí mẹ́fà tó fún ògiri inú ilé. Kí yanrìn náà mọ́: bí wọ́n bá fi ọwọ́ méjèèjì rà á tí ẹrẹ̀ bá kù sí àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Sìmẹ́ńtì tí ó ti di kókó nínú àpò ti kú. Iye tí wọ́n bá lè lò tán láàrin wákàtí kan ni kí wọ́n pò, kí wọ́n má sì ṣe bu omi sí èyí tí ó ti ń le láti tún un jí.

Ikán kò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ni ó fi ń mọ ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gùn ògiri lọ bá igi òrùlé. Kí wọ́n máa yí ilé ká ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fọ́ ọ̀nà náà níbikíbi tí wọ́n bá rí i, kí wọ́n má sì ṣe to igi ìdáná ti ògiri. Ọ̀pó onígi, kí ó dúró lórí òkúta tàbí sìmẹ́ńtì, kí ó má ṣe wọ ilẹ̀. Dída òróró ọkọ̀ tí wọ́n ti lò sí ìdí ògiri, bí àwọn kan ti ń ṣe, a máa ba ilẹ̀ àti omi kànga jẹ́, oró rẹ̀ a sì máa pọ̀ ju ti ikán lọ.

Ní ilé ìdáná, ààrò tí wọ́n fi amọ̀ mọ yíká, tí ó ní ẹnu kan ṣoṣo fún igi, ń jẹ igi tí ó kéré sí ti ààrò òkúta mẹ́ta. Igi gbígbẹ, fèrèsé méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn, àti páìpù páànù tí ó gba òrùlé jáde a máa dín èéfín kù gidigidi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, ènìyàn tí ó tó 3,200,000 ni èéfín ìdáná inú ilé ṣe ikú pa ní gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá àti ọmọ tí wọ́n gbé sẹ́yìn ni ó ń fà á símú jù. Ṣáláńgá ní tirẹ̀, kí ó jìnnà sí kànga ní mítà 30 ó kéré tán, kí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ihò rẹ̀ sì ní ìdérí tí ó ba ẹnu rẹ̀ mu.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni onílé gbọ́dọ̀ dá ṣe. Nígbà àtijọ́, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé: ana, ọ̀rẹ́ àti ọmọ ilé a pé, wọn a pò amọ̀, onílé a sì wá oúnjẹ tí ó dára. Ọ̀dọ́ mẹ́rin tí ilé wọn súnmọ́ ara wọn lè dá àáró lónìí náà, kí wọ́n ṣe gọ́tà ilé ẹnìkan ní Sátidé yìí, kí wọ́n ṣe ti ẹnìkejì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àkàbà kan àti ayùn kan yóò tó gbogbo wọn. Iná mànàmáná ni kò sí nínú èyí. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kí ó fọwọ́ kàn án.

Bẹ́ẹ̀ náà ni páànù àjà tàbí ti òrùlé tí wọ́n fi asbestos ṣe, aláwọ̀ eérú tí kì í dún bí irin, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Bí ó bá pé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kí wọ́n sì kun ún ní ọ̀dà. Wọn kò gbọdọ̀ fi ayùn gé e, wọn kò gbọdọ̀ gbọn ọ́n, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀, nítorí pé eruku náà a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, a sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá fọ́, kí wọ́n wọ́n omi sí i kí ó tutù rinrin, kí ẹni tí ó bá kó o bo imú, kí ó dì í sínú àpò rọ́bà nílọ̀po méjì, kí ó sì bi àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí yóò gbé e sí. Ọ̀dà àtijọ́ tí ń ṣí lára fèrèsé lè ní òjé nínú. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó ha á, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti parí, ẹni tí ó fẹ́ kí yàrá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè ṣe ọ̀dà fúnra rẹ̀. Kí ó ro ìyẹ̀fun gbáàgúdá sínú omi gbígbóná bí ẹni tí ń se ògì títí yóò fi ki, kí ó jẹ́ kí ó tutù, kí ó sì po ẹfun tí wọ́n ti rẹ tí wọ́n sì ti sẹ́ mọ́ ọn títí yóò fi nípọn bí wàrà tí ó dì. Kí ó kun ún ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ti èkejì tó lé e. Inú ilé tí ó gbẹ nìkan ni ó wà fún. Bí ọ̀rinrin bá ti ara ògiri yọ lẹ́yìn oṣù kan tí ẹfun náà sì ń ṣí, kí onílé padà sí ìta lọ wo ẹsẹ̀ ògiri náà ní ọjọ́ òjò.